Ìyàwó Rẹ Tó Gbé Ọmọ Jáde Lẹ́nu Ọ̀nà

Ilé Aláró,
Aké, Abẹ́òkúta.
Oṣù Kejìlá, ọdún 1858.

Olúṣẹ̀yẹ, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì tún ọ kí. Ṣé ara rẹ le? Ṣé omi Èkó tí wọ́n ní iyọ̀ wà nínú rẹ̀ kò da ikùn rẹ rú? Ṣé ayùn kò fi ọwọ́ rẹ ṣe ẹran jẹ? Bó bá ṣe tiwa níbí ni, a wà láàyè, a ń jẹ, a ń mu, a sì ń dúpẹ́. Òjò ti dá, ọyẹ́ ti dé, kò sì sí ẹni tí ètè rẹ̀ kò là nínú gbogbo agbo ilé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí láti òkè dé ilẹ̀, nítorí náà, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí o bá rí ibi tí ìlà ti wọ́. Àmì aró tí o rí létí ìwé, ìka mi ni. Mo fọ ọwọ́ títí, kò lọ.

Iṣẹ́ tí o rán sí mi tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọjà. O ní Láwàlì, oníṣòwò tó máa ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, sọ fún ọ pé òun fi ojú òun rí Harriet, aya rẹ. Ó ní ó gbé ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ, ó jáde lẹ́nu ọ̀nà wa, ó kọrí sí ìhà Wásinmi níbi tí àwọn Sàró ń gbé, kò sì sí ẹni tó sìn ín. O ní oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ mọ́. O ní o fẹ́ fi fèrèsé tí o ń kàn fún òyìnbó yẹn sílẹ̀ láìparí kí o sì máa bọ̀ nílé. Ọmọ mi, dúró díẹ̀. Láwàlì kò purọ́. Aya rẹ jáde lóòótọ́. Ọkọ̀ ni Láwàlì ń sáré lọ bá, kò sì dúró wo èyí tó tẹ̀lé e. Wá pákó kan jókòó lé, kí o ka lẹ́tà yìí dé ìparí, má sì fo ìlà kankan.

Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá wí. Nígbà tí o mú ọmọbìnrin yìí wọlé, o fi odò Ògùn hàn án, o mú un gun Olúmọ, o sọ ìtàn gbogbo àpáta tó wà nílùú yìí fún un. O kò sọ fún un pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ tó ń rákò. Lẹ́yìn èyí ni o di ẹrù rẹ, o gba Èkó lọ. Ta ni ì bá sọ fún un? Sàró ni wọ́n bí i sí. Ọmọ kékeré ni ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n jí i gbé nílẹ̀ Ẹ̀gbá níbí, kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ilé ọkọ. Nígbà tó sì lọ́kọ lọ́hùn-ún, òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé, kò sí ìyá ọkọ, kò sí àbúrò ọkọ. Ohun tí ìyá kò bá rí, kò lè fi kọ́ ọmọ. Èmi rò pé ìwọ ti sọ fún un, ìwọ náà rò pé èmi yóò sọ.

O mọ̀ pé èmi alára, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti wọ ilé yìí, n kò tíì pe orúkọ àbúrò bàbá rẹ rí. Ọmọdékùnrin tó ń da ewúrẹ́ ni nígbà tí wọ́n gbé mi ní ìyàwó, ní ìlú wa àtijọ́, kí ogun tó lé wa wá sábẹ́ Olúmọ. Eyín rẹ̀ funfun, ni mo bá sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Òun ni olórí agbo ilé wa lónìí. Eyín ọ̀hún kò pé mọ́, ṣùgbọ́n Eyínfúnjowó ni mo ṣì ń pè é, òun náà ni n ó sì máa kọ sínú lẹ́tà yìí. N kò ní torí pé mo kọ́ ìwé lọ́jọ́ ogbó kí n wá fi gègé kọ orúkọ tí ẹnu mi kò lè pè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò pẹ́ tí o lọ, àwọn àgbà mẹ́ta wá kí Eyínfúnjowó láti oko wa ní Alábàtà. Wọ́n jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń mu ẹ̀kọ. Ni aya rẹ bá yọ nínú aṣọ rẹ̀ gígùn tó ń gbá ilẹ̀. Ó tẹ orúnkún díẹ̀ bíi tàwọn ará Sàró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ohùn tó já gaara kí i pé ẹ káàárọ̀, Mísítà. Ì bá dára bó bá dúró níbẹ̀. Ó fi orúkọ rẹ̀ tẹ̀lé e, orúkọ tí bàbá tó bí i sọ ọ́, odindi. Ẹni tó pe orúkọ yẹn kẹ́yìn nínú ilé yìí ni ìyá rẹ̀, ìyá náà sì ti kú. Igbá ẹ̀kọ dúró sí ẹnu Eyínfúnjowó, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò wúkọ́. Péjú, ọmọ Eyínfúnjowó tó kéré jù, bú sẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ sì já a ní èékánná létí.

Àṣé ọ̀wọ̀ ńlá ni wọ́n ń fi ìyẹn bù fún àgbà ní Sàró. Ẹni tí wọ́n bá pè ní Mísítà, tí wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn, ẹni iyì ni. Mo sọ èyí fún Eyínfúnjowó. Mo rán ìyá Péjú sí i. Mo bẹ àwọn àgbà ilé sí i. Ó ní òun kò bínú. Ẹni tó ní òun kò bínú, tí kò sì dáhùn ìkíni, kí ló tún ń jẹ́ ìbínú? Nígbà tí oyún aya rẹ ti hàn, tí mo tún lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ó ní, “Ẹni tó mọ orúkọ mi tó bẹ́ẹ̀ kò tún nílò mi. Bó bá bímọ, kó sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ fúnra rẹ̀.”

Ìwọ ọmọ ilé yìí, o mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ọmọ tí olórí ilé kò bá gbé lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àlejò ni ní ilé bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ ti bá ogun Dàhòmì lọ, ìwọ wà ní Èkó. Ta ni yóò gbé e?

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Harriet, àbí ibo ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá létí àwọn ilé wa yìí tí kì í dé etí ẹni tó ni ín? Mo bá a níbi tó ti ń kó aṣọ sínú àpótí. Ó ní òun ń padà lọ sọ́dọ̀ bàbá òun ní Wásinmi. Mo ní, “Dúró díẹ̀.” Mo jókòó lórí àpótí náà, torí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe, mo sì ṣàlàyé àṣà wa fún un. Ó sunkún. Ó ní, “Màmá, mo fi ọ̀wọ̀ pè é.” Mo ní mo mọ̀. Ó wá ní kí n ka orúkọ tí òun yóò máa pe olúkúlùkù fún òun, kí òun há wọn sórí bí òun ti há Sáàmù. Mo kọ̀. Mo ní orúkọ tí ìyàwó fún ará ilé ọkọ rẹ̀, ojú ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi rí i. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mo ní, “Wò wá dáadáa ná.”

Olúṣẹ̀yẹ, ọmọbìnrin yìí wò wá. Ó ń wò wá bí o ti ń wo igi kí o tó gé e. Bó bá ń bá mi gún ewé elú fún aró, ojú rẹ̀ ń rìn. Péjú ló kọ́kọ́ gba orúkọ. Harriet ṣàkíyèsí pé ọmọ náà a máa rẹ́rìn-ín kí ó tó la ojú láàárọ̀, ó sì sọ ọ́ ní Ajírẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ tó bí i sọ fún mi pé òun kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, pé ariwo kí ó dìde lọ fọ ojú ni òun máa ń fi jí i. Lẹ́yìn náà ló kan Fọlákẹ́mi, àbúrò rẹ. Kì í ti ọwọ́ bọ ìkòkò aró kó má kọrin sí i, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó di Akọrin-fáró. Fọlákẹ́mi tó máa ń yọ imú sí i tẹ́lẹ̀ gbọ́ orúkọ yìí, ó sá lọ sẹ́yìn ilé, ó sì dá rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n ti gbọ́ pé orúkọ ń bẹ nílẹ̀, ara kò rọ ẹnikẹ́ni mọ́. Dìran, ọmọ Eyínfúnjowó, tí a máa ń bẹ̀ kó tó lagi, wá di ẹni tó ń lagi láàárọ̀, tó tún ń là á nírọ̀lẹ́, ibi tí Harriet yóò gbà kọjá ló sì ń gbé e sí. Ó ń pọn omi tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Igi kún ilé débi pé ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kọsẹ̀. Ní ọjọ́ tí orúkọ tirẹ̀ dé, Ẹ-wò-mí-ná ni. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, ọmọkùnrin náà sì ń jẹ́ ẹ fàlàlà bí ẹni gba oyè.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi fún ọ. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti jáde lọ sí ibi odi lọ́dún ogun yẹn tí kò sì padà, àwọn tí kò sí nílé ni mo ń wò. Bí mo bá dìde láàárọ̀, àyè rẹ̀ tó ṣófo ni ojú mi ń lọ. Ọmọ ọlọ́mọ wá wọlé, ó ń wo àwọn tó ṣẹ́ kù, ó sì ń wá sọ fún mi ohun tó rí. Àwọn ènìyàn tí mo ń bu ọbẹ̀ fún lójoojúmọ́ wá di tuntun lójú mi. Inú mi dùn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, n kò sì tijú láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù, ẹni ọ̀hún ni kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí. Bí Harriet bá kúnlẹ̀ kí Eyínfúnjowó, ó ti mọ bí a ti ń kúnlẹ̀ nísinsìnyí o, ògiri ni ọkùnrin yẹn ń wò. Nígbà tó ku díẹ̀ kí aya rẹ bímọ, ó tún fa àpótí jáde. Ó ní òun kò ní bí ọmọ sí ilé tí wọn kò ti ní gbà á. Mo tún ní, “Dúró díẹ̀.” Ó wá bi mí pé, “Màmá, kí ló dé tí Bàbá kì í jẹun kí gbogbo ilé tó wọlé?”

Mo ní kí ló ń sọ. Ó ní òun ti ń wò ó. O rántí àpáta kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí Eyínfúnjowó máa ń jókòó lé bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀. Ẹni tó bá ti oko dé, á kí i pé “Kú àbọ̀.” Ẹni tó bá ti odò dé, á ní “Kú àbọ̀.” Ó ń kí àwọn ewúrẹ́ pàápàá. A ti gbọ́ ọ títí kò tún wọ̀ wá létí mọ́, a sì rò pé afẹ́fẹ́ ló ń gbà. Harriet ní bí ìyá Péjú bá gbé oúnjẹ rẹ̀ síwájú rẹ̀, kì í ṣí i. Ó di ìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá wọlé. Mo fi igbá elú sílẹ̀. Mo rántí pé ọdún tí a sọ bàbá rẹ nù ni ìjókòó yẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà jáde. Ọdún méje ni mo fi ń kọjá lára rẹ̀ níbẹ̀, mo rò pé èmi nìkan ló ń ṣọ̀fọ̀ nínú ilé náà.

Harriet wá sọ èyí tó ṣe kókó. Ó ní, “Mo pẹ́ lódò lánàá, Màmá. Nígbà tí mo dé, ó yíjú kúrò, kò kí mi. Ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti tutù. Ìgbà tí mo wọlé ló tó ṣí i.” Ó ti àpótí padà sábẹ́ ibùsùn fúnra rẹ̀.

Ọlọ́run bá wa sọ̀ ọ́. Obìnrin ni ọmọ náà, ó pupa, orí rẹ̀ gùn bíi tìrẹ. Nígbà tó pé ọjọ́ keje, ọjọ́ tí a ń sọ ọmọbìnrin lórúkọ, gbogbo nǹkan ti wà nílẹ̀: omi, oyin, iyọ̀, orógbó. Àwọn aládùúgbò ti pé. Bàbá Harriet ti Wásinmi dé pẹ̀lú fìlà gíga rẹ̀, ó jókòó, kò mọ ibi tí yóò gbé fìlà náà sí. Eyínfúnjowó kò jókòó pẹ̀lú wa. Ó wà lórí àpáta rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ kùtù, ó kẹ́yìn sí wa. A dúró títí. Àwọn ènìyàn ti ń wo ara wọn. Mo ti ń rò ó pé kí n gbé ọmọ náà fúnra mi, kí ìtìjú wa má bàa pọ̀ jù.

Ni Harriet bá dìde. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó pọ̀n ọ́n, ó dorí kọ ẹnu ọ̀nà. Mo ní, “Dúró díẹ̀.” Ó wo ẹ̀yìn, ó ní, “Màmá, lónìí, ẹ̀yin ni kí ẹ dúró díẹ̀.” Ó kọjá lára Eyínfúnjowó, ó jáde. Ìgbà yẹn gan-an ni Láwàlì ń kọjá lọ sétí odò pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lórí. Ohun tó rí nìyẹn, ohun tó sì mú wá fún ọ nìyẹn.

Aya rẹ rìn dé ìdí igi ọsàn tó wà lójú ọ̀nà. Ó yí padà. Ó ń rìn bọ̀ bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé, ó kúnlẹ̀ síwájú àpáta náà nínú eruku pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó sì ní, “Bàbá Kú-àbọ̀, a ti dé o.”

Eyínfúnjowó wò ó. Ó bi í pé ta ló sọ òun ní bẹ́ẹ̀. Harriet ní, “Èmi ni, Bàbá. Ẹ bínú sí mi, ẹ kò sì jẹun títí mo fi wọlé.”

Olúṣẹ̀yẹ, mo ti mọ ọkùnrin yẹn láti ìgbà tí eyín rẹ̀ ti pé. N kò rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, àfi ọjọ́ tí wọ́n wá túfọ̀ bàbá rẹ. Ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, “Ẹ kú àbọ̀. Ìwọ àti ọmọ.” Ó gba ọmọ náà, ó dìde, ó gbé e wọlé kọjá láàárín gbogbo wa. Wọ́n da omi sórí òrùlé, ó sì gbé ọmọ sábẹ́ ibi tó ti ń kán. Ọmọ ké. Ó ní Ọmọ́bọ̀wálé ni, pé ọmọ nìkan kọ́ ni òun fún lórúkọ náà. Bàbá Harriet, tí wọ́n kó lọ láti ilẹ̀ yìí ní ọ̀dọ́, tó dàgbà sí ilẹ̀ onílẹ̀, fi fìlà bo ojú rẹ̀. Nígbà náà ló rí ohun tí fìlà ọ̀hún wúlò fún.

Lọ́jọ́ yẹn, Eyínfúnjowó jẹun kí oòrùn tó kàn wá lórí. Ó bu díẹ̀ sọ́tọ̀ sínú àwo kékeré. Nígbà tí Péjú bèèrè ẹni tó ni ín, ó ní ti ẹni tó wà ní Èkó ni.

Nítorí náà, parí fèrèsé òyìnbó kí o tó wá, kí wọ́n má sọ pé ọmọ Ẹ̀gbá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ti kan ìṣó tó kẹ́yìn, má ṣe yà síbì kankan. Láwàlì kan náà ni yóò mú lẹ́tà yìí wá. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó kọ́kọ́ fún ọ ní ìwé kó tó la ẹnu.

Ọlọ́run tó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa yóò ṣọ́ ìwọ náà. Ọwọ́ rẹ kò ní gbẹ, ayùn kò ní kọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Odò tó gbé ọ lọ yóò gbé ọ bọ̀, wọn yóò sì kí ọ kú àbọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. O kò ní bá àyè ẹnikẹ́ni lófìfo. Àṣẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tó sì ti di ìyá àgbà Ọmọ́bọ̀wálé,
Tẹjúmádé.

Àfikún: Bí mo ti ń fi gègé sílẹ̀ ni mo rántí pé gbogbo ilé ló ti gba orúkọ, àfi èmi. Mo pe Harriet, tí í ṣe olùkọ́ mi nídìí ìwé kíkọ, mo bi í bóyá Màmá lásán ni òun yóò máa pè mí títí n ó fi kú. Ó ń fún ọmọ lọ́yàn, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti jókòó lórí àpótí òun ni òun ti fún mi lórúkọ, pé nínú àdúrà òun nìkan ni òun ti ń pè é. Ìyá Dúró-díẹ̀ ni.